Owó Tó Ti Tán Kí Bàálù Tó Balẹ̀

Ẹ jẹ́ ká mú ìdílé kan ní Manchester: bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́ta. Òtútù ti mú, iléèwé ti gba ìsinmi, àwọn òbí sì ti ń tu owó jọ láti oṣù mélòó kan kí wọ́n lè lọ yá oòrùn létíkun Gambia. Wọ́n da owó bàálù, owó yàrá, owó oúnjẹ àárọ̀, ọ̀sán àti alẹ́, owó ọtí bàbá àti áísìkiriìmù ọmọ pọ̀, wọ́n san án lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo fún iléeṣẹ́ tó ń ta ìrìnàjò nílùú wọn. Bí wọ́n bá dé òtẹ́ẹ̀lì ní Kololi, wọ́n á so ẹ̀gbà ike mọ́ wọn lọ́wọ́ níkọ̀ọ̀kan. Láti ìgbà náà títí wọ́n á fi padà sílé, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sẹ́ni tó máa bi wọ́n léèrè owó mọ́. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni iye tó kù sí Gambia nínú owó náà.

N kò bá bàbá náà wí o. Ẹni tó bá ti kó ọmọ lọ sí etíkun Elegushi l'Ékòó rí mọ ohun tí ojú ń rí. Ẹ ó sanwó ẹnu ọ̀nà. Ẹ ó sanwó àga àti agboòrùn. Kí ẹ tó jókòó dáadáa, ẹlẹ́ṣin ti fa ẹṣin dé iwájú àbíkẹ́yìn yín, ọmọ ti nawọ́ sí i, ẹlẹ́ṣin ọ̀hún kò sì ní sọ iye tó fẹ́ gbà àfìgbà tí ọmọ bá gorí ẹṣin tán. Súyà ńkọ́? Ohun mímu ńkọ́? Bàbá á máa rẹ́rìn-ín lójú, á máa ṣírò nínú. Ètò àsanpọ̀, tí a ti ń san gbogbo owó lẹ́ẹ̀kan bíi ti ìdílé Manchester yẹn, ló gba irú bàbá bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ìṣirò. Ó ti mọ iye tí ìsinmi náà máa ná òun kó tó ti ilé kúrò. Bí ọmọ bá béèrè ife ọsàn kẹfà, kó máa mu ún lọ.

Àwọn onímọ̀ ti yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò. Ní 1998, Drazen Prelec àti George Loewenstein gbé iṣẹ́ kan jáde lórí bí owó sísan ṣe ń dun èèyàn. Wọ́n bi àwọn kan pé, bí wọ́n bá fẹ́ lọ sinmi lọ́sẹ̀ kan ní Caribbean, ṣé kí wọ́n tó lọ ni wọ́n á fẹ́ máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, àbí lẹ́yìn tí wọ́n bá dé? Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ní kí àwọn san án tán ná. Nígbà tí wọ́n bi wọ́n nípa ẹ̀rọ ìfọṣọ, ohùn yí padà: ẹ gbé ẹ̀rọ wá, a ó máa san án. Ó yé mi. Bí èèyàn ṣe ń san gbèsè ẹ̀rọ ni ẹ̀rọ ń fọṣọ fún un. Ìsinmi tó ti kọjá, fọ́tò nìkan ló kù. Àwọn ìyá wa tó ń dá àjọ àgbò Iléyá kò ka ìwé kankan kí wọ́n tó mọ̀ pé ẹran tí a ti san tán ló ń dùn lẹ́nu.

Olóòtẹ́ẹ̀lì náà kì í ṣe òmùgọ̀. Ẹ wo yàrá oúnjẹ ní ọ̀sán ọjọ́ kìíní. Búrẹ́dì, ìrẹsì àti ànàmọ́ díndín ni wọ́n tẹ́ síbi tí àlejò máa kọ́kọ́ dé, àwo kò sì tóbi. Kí ó tó dé ìdí ẹran, àwo ti kún. Ẹran ọ̀hún sì rèé, òṣìṣẹ́ onífìlà funfun kan dúró tì í, ó ń gé e pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ọmọ á bu oríṣi mẹ́ta, á jẹ ọ̀kan. Tó bá fi máa di ọjọ́ kẹta, oúnjẹ ti sú wọn. Bàbá tó búra pé òun á jẹ owó òun tán ti ń wá ẹ̀fọ́ àti omi tútù. Gbogbo rẹ̀ ni olóòtẹ́ẹ̀lì ti ṣírò. Ó ń ra nǹkan lọ́pọ̀, ó ti mọ iye ẹnu tó máa jẹun, ọtí tó bá sì gbówó lórí sábà máa ń wà lẹ́yìn ohun tí ẹ̀gbà ike kárí: ẹ ó san tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Ọgbọ́n náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ní 1950 ni Gérard Blitz, ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, pa àgọ́ sí Alcúdia ní erékùṣù Mallorca, ó sì pe ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Club Méditerranée. Àgọ́ aláṣọ ni o, kì í ṣe ilé. Owó kan ló kárí oúnjẹ àti eré ìdárayá. Nígbà tó yá, ìlẹ̀kẹ̀ tí àwọn àlejò fi sọ́rùn ni wọ́n ń já fi ra ọtí, nítorí kò sí àpò lára aṣọ ìwẹ̀. Caribbean ló wá sọ ọ́ di òwò ńlá. Butch Stewart ṣí òtẹ́ẹ̀lì Sandals ní Montego Bay ní Jamaica ní 1981.

Ká padà sí Gambia: ẹnu géètì òtẹ́ẹ̀lì ni ọ̀rọ̀ ti ń dun àwọn aládùúgbò. Iṣẹ́ àlejò afẹ́ tó bí ìdá kan nínú márùn-ún ọrọ̀ ajé Gambia, láti Oṣù Kọkànlá sí Oṣù Kẹrin ni ọwọ́ sì máa ń dí. Onítakisí, olóúnjẹ ẹ̀bá ọ̀nà, obìnrin tó ń ta máńgòrò, ẹni tó ń gbẹ́ ère, oṣù mélòó kan yìí ni wọ́n fi ń jẹun ọdún. Ẹni tó ti sanwó oúnjẹ tán kò ní torí ẹja yíyan jáde. Bàálù, ti òyìnbó. Iléeṣẹ́ tó gba owó, ti òyìnbó. Òmíràn nínú àwọn òtẹ́ẹ̀lì náà, àjèjì ló ni ín. Apá tó tóbi nínú owó ìdílé Manchester wa yẹn kò fojú kan Banjul, olú ìlú Gambia, rí.

Àwọn èèyàn ké, ìjọba gbọ́. Ní òpin 1999, Gambia fi òfin de àsanpọ̀. Kí 2000 tó parí, ìjọba kan náà ti mú òfin ọ̀hún kúrò. Kò yà mí lẹ́nu. Oòrùn àti yanrìn wà níbòmíràn. Ẹni tó ni bàálù tó sì mọ ilé oníbàárà ló lè darí wọn sí Senegal tàbí Tunisia láàárọ̀ ọjọ́ kan. Nígbà tí iléeṣẹ́ ìrìnàjò Thomas Cook wó ní Oṣù Kẹsàn-án 2019, jìnnìjìnnì bá Gambia, nítorí ọ̀pọ̀ àlejò láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ń bá wọn wá, àsìkò àlejò sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Orílẹ̀-èdè tí iléeṣẹ́ kan ní ìlú mìíràn lè fi sínú irú ìbẹ̀rù bẹ́ẹ̀ kò ní fi òfin lásán ṣẹ́gun.

Ohun tó ṣiṣẹ́ ní Gambia kéré, kò sì lárìwo. Àwọn tó ń fún ọsàn létíkun dara pọ̀ di ẹgbẹ́, wọ́n fẹnu kò lórí iye owó, wọ́n kọ ọ́ sára pátákó kí àlejò lè kà á láti òkèèrè. Wọ́n so káàdì ìdánimọ̀ mọ́ra, wọ́n jáwọ́ nínú sísáré tẹ̀ lé èèyàn. Ẹ ó rí ọ̀kan nídìí tábìlì rẹ̀: ọ̀bẹ, ọsàn tó tò bí òkìtì, ife tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, iye rẹ̀ rèé lókè. Ẹ̀rù kò ní ba bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta mọ́. Adama Bah àti Harold Goodwin, tí wọ́n ṣèwádìí ọ̀rọ̀ náà, kọ ọ́ sílẹ̀ ní 2003 pé owó tó ń wọlé fún àwọn afúnsàn yìí ju ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ní 2004 ni ètò kan tó ń jẹ́ Gambia is Good tún bẹ̀rẹ̀ sí í ra ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ kéékèèké, ó ń tà á fún àwọn òtẹ́ẹ̀lì tó jẹ́ pé òkè òkun ni wọ́n ti ń kó tòmátò wọlé tẹ́lẹ̀.

Nítorí náà, èmi kò sí lára àwọn tó ń bú àsanpọ̀. Ohun tó ń ti ẹ̀yìn ìlú wọ inú ilé ìdáná ni kí ìjọba máa ṣọ́, kí ó sì dín owó orí kù fún olóòtẹ́ẹ̀lì tó bá ń ra ẹja àti ẹ̀fọ́ ládùúgbò. Èyí kan ìjọba Èkó náà, bí àwọn ilé ìgbafẹ́ ṣe ń pọ̀ létíkun láti Lẹ́kí lọ sí Ìbẹ̀jú: ṣé ọwọ́ àwọn apẹja abúlé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ra ẹja, àbí inú fìríjì ní Apápá?

Àwọn ìdílé wa náà sì ti ń ra irú ìrìnàjò yìí. Ẹni tó bá mú Gambia kò nílò físà, ECOWAS ti yanjú ìyẹn, ó sì lè bá àwọn Aku pàdé ní Banjul, tí ọ̀pọ̀ àwọn baba ńlá wọn jẹ́ Yorùbá tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú. Bí ẹ bá ń lọ, ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tí owó yín kò kárí kí ẹ tó san án. Ẹ sì ṣẹ́ dalasi, owó Gambia, díẹ̀ pamọ́, kí ẹ mú àwọn ọmọ jáde ní géètì nírọ̀lẹ́, kí ẹ ra ọsàn lọ́wọ́ àwọn tó wà níta.