Ẹ Yọ Wọ́n Kúrò, Àmọ́ Ẹ Má Da Iṣẹ́ Wọn Nù

Láti ìgbà kónílé-ó-gbélé kòrónà lọ́dún 2020 ni àwọn iléeṣẹ́ kéékèèké kan ní Sùúrùlérè àti Yábàá ti ń jẹ́ kí òṣìṣẹ́ jókòó sílé ṣiṣẹ́. Ìwé ìṣirò owó wà lórí sáfà kan ṣoṣo, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí gbogbo wọn jọ ń lò, òṣìṣẹ́ á sì ti ilé rẹ̀ ní Muṣin tàbí Ìkòròdú wọlé sí i.

Sáfà Windows tí wọn kò ra ìwé àṣẹ kún, ẹni méjì péré ló ń gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Bí NEPA bá mú iná lọ, tí íntánẹ́ẹ̀tì ẹnì kan já, sáfà lè má tètè mọ̀. Àyè onítọ̀hún á ṣì dí, ẹni tó fẹ́ ṣètò owó oṣù á máa dúró níta. Nítorí náà, mo fara mọ́ ọn pé kí sáfà máa fúnra rẹ̀ yọ ẹni tó bá dákẹ́ pẹ́. Ti ààbò tún wà níbẹ̀: ìlànà àgbáyé tó de àwọn tó ń tọ́jú nọ́ńbà káàdì báńkì ní ìṣẹ́jú 15 ti tó, lẹ́yìn ìyẹn, kí èèyàn tún páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ tẹ̀.

Bí àwọn iléeṣẹ́ kan ṣe ń yọni gan-an ni mo ń bá wọn jà lé lórí. Sáfà lè já okùn nìkan, kí iṣẹ́ ẹni ṣì wà ní ṣíṣí títí a ó fi padà dé. Ó sì lè pa gbogbo rẹ̀ dé, kí ohun tí a kò tíì tọ́jú ṣòfò. Èyí tó ń ṣòfò yìí làwọn kan ń yàn, wọ́n á tún fi ìṣẹ́jú 10 sí i.

Ẹ wo obìnrin oníṣirò owó kan ní òpin oṣù. Ó ti ń tẹ owó àwọn oníbàárà wọlé láti àárọ̀, ó wá ní kí sáfà ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Sáfà ń ṣiṣẹ́ kíkan, àmọ́ ìka èèyàn ló ń ṣọ́, ọ̀lẹ ló pe obìnrin náà. Iná tún lọ. Windows máa ń fi ìkìlọ̀ hàn fún ìṣẹ́jú méjì, ṣùgbọ́n ìdí jẹnẹrétọ̀ ló wà, ó ń fa okùn rẹ̀. Ta ni yóò rí ìkìlọ̀?

Ẹ fi ìṣẹ́jú 15 já okùn, kò burú. Ẹ wá fi wákàtí mẹ́rin sílẹ̀ kí ẹ tó pa iṣẹ́ dé, kí ẹni tó lọ ra epo lè padà bá a. Kí òṣìṣẹ́ náà sì máa jáde dáadáa bó bá ti parí, nítorí pé títì ojú fèrèsé orí kọ̀ǹpútà nìkan kò mú un kúrò lórí sáfà.