Ẹ jẹ́ kí wọ́n ka ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà

Bí wọ́n bá gbé ọmọ olóṣù méje sí òpìtálì, ohun tí ẹbí máa ń sọ ni pé: "Báwo ni ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ ti pọ̀ tó tí wọ́n fi ń fà á lójoojúmọ́?" Ìbéèrè gidi ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká mọ ìdí rẹ̀ ká tó kọ̀.

Àrùn kan wà tó máa ń mú ìfun ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé. Entérocolite ni àwọn dókítà wa ń pè é. Inú ọmọ á wú, á máa bì èébì aláwọ̀ ewé, ẹ̀jẹ̀ sì lè wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀. Bó bá le, apá kan ìfun á kú. Ojú kò lè rí ìyẹn láti òde, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ lè sọ ọ́.

Plaquettes ni ohun tínńtínní inú ẹ̀jẹ̀ tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dá bí ara bá gbọgbẹ́. Lórí ìwé àyẹ̀wò, ó yẹ kó tó 150,000, ó kéré tán. Bó bá ń já wálẹ̀ kíákíá tó sì wọ abẹ́ 100,000, ó lè jẹ́ pé ìfun ti ń kú. Ìgbà yẹn ni dókítà á ronú bóyá kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ. Ẹni tó bá kọ àyẹ̀wò, ó di dókítà lójú ni.

Àwọn mìíràn á tún bínú pé: "Plaquettes lọ sílẹ̀, kí ló dé tí wọn ò fún un?" Ẹ fara balẹ̀. Ìwádìí tó jáde ní 2019, lórí ọmọ 660 tí oṣù wọn kò pé nílẹ̀ Yúróòpù, fi hàn pé àwọn tí wọ́n fún ní plaquettes nígbà tó wọ abẹ́ 50,000 kú tàbí ṣẹ̀jẹ̀ gidi ju àwọn tí wọ́n dúró dè títí ó fi wọ abẹ́ 25,000: 26 nínú 100 sí 19. Fífúnni kọ́ ni ìtọ́jú nígbà gbogbo.

Ẹ̀yin oníṣègùn náà, ẹ fa ìwọ̀nba, kí ẹ sì ṣàlàyé fún òbí lédè tó gbọ́. Ìdákẹ́jẹ́ yín ló ń bí ìfura.

Ẹ̀yin ìyá, omi ọyàn yín ló ń dín àrùn yìí kù jù. Ẹ má fún ọmọ bẹ́ẹ̀ ní omi tàbí àgbo. Bí wọ́n bá dá oúnjẹ ẹnu rẹ̀ dúró, ẹ máa fún ọmú yín kó má bàa gbẹ. Ọmọ á tún nílò rẹ̀ bó bá yá. Ọlọ́run á wo àwọn ọmọ wa sàn o.