Ẹ Jẹ́ Kí Á Dá Iyì Kẹ̀kẹ́ Padà

Nígbà tí owó kòkó gbòde ní ilẹ̀ Yorùbá ní àwọn ọdún 1950, ohun iyì ni kẹ̀kẹ́ ológeere. Olùkọ́ ń gùn ún lọ sí ilé-ìwé, àgbẹ̀ ń gùn ún lọ sí oko. Lónìí, ẹni tí ó bá gùn ún, tálákà ni wọ́n ń pè é.

Èrò yìí ń pa wá lára. Àìlo ara wà lára ohun tí ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa ṣe eré ìdárayá fún ìṣẹ́jú 150, ó kéré tán, lọ́sẹ̀. Ẹni tí ó bá fi ìṣẹ́jú 15 gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́, tí ó fi 15 gùn ún padà, ní ọjọ́ márùn-ún, ti pé iye náà. Ọkàn rẹ̀ yóò lágbára sí i. Orúnkún rẹ̀ kò sì ní jìyà bíi ti ẹni tí ń sáré, nítorí ìjókòó kẹ̀kẹ́ ni ó gbé ọ̀pọ̀ ìwúwo ara.

Òótọ́ ni pé títì wa léwu. Àwọn ará Hóláǹdì pàápàá jà ní àwọn ọdún 1970, nígbà tí mọ́tò ń pa ọmọ wọn, kí wọ́n tó rí ọ̀nà kẹ̀kẹ́ gbà. Kí ìjọba wa náà ya ẹ̀gbẹ́ títì sọ́tọ̀ fún oníkẹ̀kẹ́.

Ẹni tó mọyì wúrà là á tà á fún. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ ṣáájú: bí akẹ́kọ̀ọ́ bá rí ọ̀gá rẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, ìtìjú yóò kúrò lójú rẹ̀.