Irin Méjì ní Ìfọ̀, Kọ̀ǹpútà Mẹ́rin Nínú Yàrá Kan

Ẹni tó bá rìn ní agbègbè Ìfọ̀ dé Kájọlà yóò rí ojú irin méjì. Ọ̀kan ni èyí tí ìjọba amúnisìn là láti Èkó, tó dé Ìbàdàn ní 1901. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 1,067. Èkejì ni ti ìgbàlódé tí Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí ní oṣù kẹfà ọdún 2021. Fífẹ̀ tirẹ̀ jẹ́ mìlímítà 1,435. Irin ni méjèèjì, èrò àti ẹrù ni wọ́n sì ń gbé, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó ń rìn lórí èkíní kò lè gun èkejì. Bí ẹrù bá ní láti bọ́ láti orí ọ̀kan sí orí ìkejì, àfi kí alábàárù rù ú.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ṣe rí láti Mowe sí Ibafo, títí dé Ìfọ̀. Kò sí ẹni tó jókòó pète rẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan lè ra kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tó ń lo Windows 7 fún akápò; lẹ́yìn ọdún díẹ̀ yóò ra òmíràn tó ń lo Windows 10 fún ọ̀gá ilé-ìwé; ẹni tó ń ya kàlẹ́ńdà yóò gbé MacBook tirẹ̀ wá láti ilé; ọ̀dọ́ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì yóò sì fi Linux sórí ẹ̀rọ àtijọ́ kan tí wọ́n ti fẹ́ sọ nù. Yàrá kan náà ni wọ́n wà, Wi-Fi kan náà ni wọ́n ń lò, jẹnẹrétọ̀ kan náà ló ń gbé wọn, síbẹ̀ wọn kò gbọ́ èdè ara wọn. Fláàṣì ni alábàárù wọn.

Alábàárù yìí sì ń ṣe ju iṣẹ́ tí wọ́n rán an lọ. Ó ń kó kòkòrò láti ẹ̀rọ kan dé èkejì, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Èyí tí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ kíyè sí ni pé ó ń sọ fáìlì kan di méjì. Àkọsílẹ̀ owó ilé-ìwé tí akápò tún ṣe láàárọ̀ yàtọ̀ sí èyí tó wà lọ́wọ́ ọ̀gá lọ́sàn-án. Òbí tó ti san owó ọmọ rẹ̀ tán yóò gbọ́ pé ó jẹ gbèsè, wọn yóò lé ọmọ náà padà sílé, akápò yóò sì di afurasí. Ẹnikẹ́ni kò jalè.

Ìmọ̀ràn tí ọ̀pọ̀ ẹnjiníà kọ̀ǹpútà ń gbà wọ́n ni pé kí gbogbo ọ́fíìsì bọ́ sórí Windows 11. Ó rọrùn láti sọ. Láti ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 2025 ni Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú ọ̀fẹ́ gbogboogbò fún Windows 10 dúró, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ ni kò ní ohun tí Windows 11 ń béèrè nínú ẹ̀rọ. Kí ọ́fíìsì kékeré da kọ̀ǹpútà tó ṣì ń ṣiṣẹ́ dànù nítorí èyí kò bọ́gbọ́n mu. Kò tilẹ̀ tíì kan oníMacBook, tí kò ní í gbà láé.

Kò pọn dandan kí wọ́n jẹ́ ẹ̀yà kan náà kí wọ́n tó lè sọ èdè kan náà. Ní òpin ọdún 1991, Andrew Tridgell, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Australia, fẹ́ kí kọ̀ǹpútà rẹ̀ rí fáìlì tó wà lórí ẹ̀rọ tó yàtọ̀ sí i. Ó tẹ́tí sí ohun tí àwọn ẹ̀rọ ń sọ fún ara wọn lórí wáyà, ó sì fi bẹ́ẹ̀ kọ́ èdè wọn. Iṣẹ́ yẹn ló di Samba, tó ń jẹ́ kí Linux sọ èdè SMB tí Windows fi ń pín fáìlì. Kò wá láìjà. Ní 2004, àjọ aláṣẹ ilẹ̀ Yúróòpù bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 497 yúrò lé Microsoft, wọ́n sì pàṣẹ pé kó tú àṣírí èdè náà fún àwọn ẹlòmíràn; ilé-ẹjọ́ fọwọ́ sí i ní 2007. Apple pàápàá ti sọ SMB di àkọ́yàn lórí Mac láti 2013.

Nítorí náà, ẹ̀rọ àtijọ́ tí wọ́n fẹ́ sọ nù yẹn ni kí wọ́n fi ṣe àká. Linux àti Samba kò gba kọ́bọ̀. Ohun tó ń náni lówó ni báńbátì tí kò ní í jẹ́ kó kú lójijì bí iná bá lọ, díìsìkì kejì tí wọn yóò máa kó ẹ̀dà sí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àti owó iṣẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Kí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà tirẹ̀, kí akápò nìkan ní àṣẹ láti yí ìwé owó padà, kí ọ̀gá lè kà á.

Ibi tí ọ̀ràn ti máa ń bàjẹ́ ni ọwọ́ ẹnjiníà tó ń kánjú. Bí ẹ̀rọ kan kò bá rí èkejì, yóò tan SMB ìkíní padà, yóò gba owó rẹ̀, yóò sì lọ. Ilẹ̀kùn yẹn gan-an ni WannaCry gbà wọlé ní oṣù karùn-ún 2017, tó fi ti fáìlì àwọn ilé-ìwòsàn ìjọba pa ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Windows 7 pàápàá gbọ́ SMB kejì. Windows XP ni kò gbọ́ ju ìkíní lọ, kò sì yẹ kí XP wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ẹnikẹ́ni mọ́. Windows 7 fúnra rẹ̀ ti pàdánù ààbò rẹ̀ láti oṣù kìíní 2020. Ẹ̀rọ akápò ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ yí padà sí Linux.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tó kan Yorùbá. Kò sí lẹ́tà ẹyọ kan fún «ọ̀» nínú Unicode. Àmì ni wọ́n ń tò lé orí o, ìtò náà sì lè gbà ju ọ̀nà kan lọ. Ètò ìfipamọ́ tí Apple lò títí di 2017 máa ń tú àwọn àmì náà sí wẹ́wẹ́ kó tó kọ orúkọ fáìlì sílẹ̀. Windows ń kọ ọ́ bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́. Lójú Linux, ìtò méjì jẹ́ orúkọ méjì. Fáìlì «Ìfọ̀» méjì lè wà nínú fódà kan, kí ojú má mọ ìyàtọ̀ wọn. Títí ẹnjiníà yóò fi dán an wò lórí gbogbo ẹ̀rọ tó wà nílẹ̀, kí wọ́n fi déètì àti nọ́ńbà ṣe orúkọ fáìlì owó, kí àmì ohùn wà nínú ìwé fúnra rẹ̀.