Ẹ̀yin Ọmọ, Ẹ Jẹ́ Kí Bàbá Ó Rìn

Nílẹ̀ wa, ọ̀nà tí a mọ̀ jù láti bọ̀wọ̀ fún àgbàlagbà ni kí a gba ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀, kí a sì fún un ní àga. Bí bàbá tàbí ìyá bá wá ń ráhùn pé ẹsẹ̀ ń dun òun, ìtọ́jú náà a di ìlọ́po méjì. Ọ̀kadà ni yóò máa gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, ọmọ-ọmọ ni yóò máa jẹ́ ẹ níṣẹ́ lọ sọ́jà, wọn yóò sì máa fi ìpara ra á lẹ́sẹ̀ lálaalẹ́. Èrò tèmi ni pé, fún irú ìrora ẹsẹ̀ kan, ìfẹ́ yìí gan-an ni ó ń ba nǹkan jẹ́.

Irú ìrora náà ní àmì. Ẹni náà jókòó, kò sí ohun tó ń ṣe é. Ó rìn díẹ̀, ẹ̀yìn ojúgun bẹ̀rẹ̀ sí í fún un bí ẹni pé wọ́n fi okùn dì í. Ó dúró fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ìrora lọ. Ó tún gbéra, ìrora tún dé. Gbogbo wa a pè é ní làkúrègbé tàbí ara àgbà, bẹ́ẹ̀ làkúrègbé kì í sábà rí báyìí. Ọ̀rá ló ti lẹ̀ mọ́ inú àwọn iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀, tí ọ̀nà fi há. Ẹ̀jẹ̀ tó ń ráyè kọjá tó ẹni tó jókòó, kò tó ẹni tó ń rìn. Peripheral artery disease ni àwọn dókítà ń pè é, PAD ní ìkékúrú. Ìwádìí kan tí ìwé ìṣègùn The Lancet gbé jáde lọ́dún 2013 ṣírò rẹ̀ pé àwọn tó ní in lágbàáyé ti lé ní 200 mílíọ̀nù ní 2010, àwọn tó pọ̀ jù nínú wọn sì wà ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó púpọ̀ lọ́wọ́. Sìgá mímu, àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ọ̀rá àpọ̀jù nínú ẹ̀jẹ̀ ló wà nídìí rẹ̀, ọjọ́ orí sì ń dá kún un. Bí iṣan ẹsẹ̀ bá ti há, ó ṣeé ṣe kí ti ọkàn àti ti ọpọlọ náà ti máa há. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí a fojú kékeré wò ó.

Ìwòsàn rẹ̀ wá yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á: ìrìn ni. Kí ẹni náà rìn títí ìrora yóò fi le díẹ̀, kí ó dúró títí yóò fi rọlẹ̀, kí ó tún rìn. Díẹ̀díẹ̀ ni yóò fi dé ọgbọ̀n sí ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta, ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ méjìlá ó kéré tán. Ẹran ẹsẹ̀ a máa kọ́ bí a ṣe ń fi ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ṣe iṣẹ́ púpọ̀. Ní Britain, ìlànà tí ilé-iṣẹ́ NICE gbé jáde ní 2012 ní kí a fún irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ ní wákàtí méjì ìdárayá lọ́sẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, pẹ̀lú alábòójútó. Láti 2017, Medicare ti Amẹ́ríkà ń sanwó ìjókòó 36 láàárín ọ̀sẹ̀ méjìlá. Ìjọba Amẹ́ríkà ń sanwó kí àgbàlagbà wọn lè rìn. Àwa ń sanwó ọ̀kadà kí tiwa má baà rìn.

Ṣùgbọ́n níbo ni ará Obbo-Ayégúnlẹ̀ yóò ti rìn? Ọ̀nà oko ni àwọn bàbá wa fi ṣe ìdárayá láìmọ̀. Lónìí, ta ni yóò ní kí ìyá rẹ̀ dá gba ọ̀nà oko lọ? Ní oṣù kejì ọdún 2024, inú ààfin ni wọ́n ti pa Olúkòró ti Koro, ní ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì yìí kan náà. Ní oṣù kọkànlá 2025, wọ́n ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì ní Eruku. Ẹni tó bá ń wàásù ìdárayá fún wa láìdárúkọ èyí kò mọ ibi tí a ń gbé. Nítorí náà, àárín ìlú ni kí ìrìn náà wà: pápá ilé-ìwé lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti lọ ilé, ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, ní ẹgbẹ́ẹgbẹ́, kí àwọn ọ̀dọ́ gbé bẹ́ǹṣì sí ẹ̀gbẹ́ pápá fún ẹni tó bá fẹ́ sinmi. Ìjọ, mọ́ṣáláṣí àti ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú lè ṣe èyí láìdúró de ìjọba.

Ìjọba náà ní tiẹ̀. Kwara kì í ṣe àjèjì sí ètò adójútòfò ìlera. Ní ìjọba ìbílẹ̀ Asa, ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní 2014 fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn ará agbègbè tí ètò náà dé rọlẹ̀ ju ti ibi tí kò dé lọ. Ètò tó lè sanwó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lè sanwó alábòójútó ìrìn. Kí òṣìṣẹ́ ìlera sì máa fi ìka wá ìlùkìkì ẹ̀jẹ̀ lórí ẹsẹ̀ àgbàlagbà. Owó kankan kò bá a lọ.

Ní ti oúnjẹ, n kò ní sọ fún ará Èkìtì pé kí ó fi iyán sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò ní gbọ́. Kí òkìtì iyán kéré, kí ẹ̀fọ́ tó yí i ká pọ̀. Kí ẹ̀wà àti ẹja máa gba ipò ẹran ọlọ́ràá. Epo pupa dára níwọ̀nba, ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdajì ọ̀rá inú rẹ̀ ló jẹ́ irú tí kò ṣe iṣan lóore, nítorí náà kí ó má léfòó lórí ọbẹ̀. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní kí iyọ̀ má tó gíráàmù márùn-ún lóòjọ́, bíi ṣíbí tíì kan, Magí sì wà nínú ìṣírò yẹn. Kí alátọ̀gbẹ jìnnà sí ẹlẹ́rìndòdò. Kò sí oúnjẹ tó lè rọ́pò oògùn tí dókítà kọ, kò sì sí ìrìn tó lè borí sìgá tí a kò fi sílẹ̀.

Kí dókítà kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Bí àyà bá dùn ún lójú ọ̀nà, kí ó dúró, kí wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn. Bí ẹsẹ̀ bá ń dùn ún lóru lórí ibùsùn, bí egbò kò bá jiná, tàbí bí ọmọ ìka bá ń dúdú, ìyẹn ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ìrìn. Ìlọrin ni kí wọ́n gbé e lọ kíákíá, kí ẹsẹ̀ má baà di gígé. Ẹ má sì fi omi gbígbóná jó ẹsẹ̀ alátọ̀gbẹ, nítorí ó lè bó kí ó má mọ̀. Ọmọ tó bá fẹ́ tọ́jú bàbá rẹ̀, tọ́ọ̀ṣì ni kí ó mú lálẹ́, kí ó wo àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.