Ọ̀RỌ̀ ÌDÍLÉ: Whot àti Àdéhùn Ìkọ̀kọ̀

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tí ó kọjá, bí a ti jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Mọ́kọ́lá, a gbọ́ igbe láti àgbàlá. Àwọn ọmọ mẹ́rin ni ó ń ta Whot níbẹ̀: ọmọkùnrin wa méjì, ọmọ ìbátan wa kan tí ó ti Lọ́ńdọ̀nù wá lo ìsinmi, àti àbígbẹ̀yìn wa obìnrin. Ọmọ yìí ti da káàdì rẹ̀ sílẹ̀, ó ní òun kò tún bá wọn ta á mọ́ láé. Nígbà tí a wádìí, a rí i pé àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti mulẹ̀ kí a tó pín káàdì. Èyí tí ó jókòó ṣáájú rẹ̀ yóò máa da 2 àti 5 lé e lórí. Èkejì yóò sì máa fi ọwọ́ kan etí bí ó bá fẹ́ ìràwọ̀, kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lè fi Whot pè é fún un. Wọ́n ní ọgbọ́n ayò ni. Kí a má purọ́, a kò rí èsì fọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Òyìnbó kan, William Henry Storey, ni ó ṣe Whot ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní nǹkan bí ọdún 1935, ṣùgbọ́n ta ni ó tún ń rántí èyí ní ilẹ̀ wa? Káàdì 54 ni: róbótó 12, onígun mẹ́ta 12, àgbélébùú 9, onígun mẹ́rin 9, ìràwọ̀ 7, àti Whot 5 tí a kọ 20 sí lára. Ẹni tí ó bá mọ iye wọ̀nyí ti mọ ohun púpọ̀. Bí ó bá fi Whot pe ìràwọ̀, ó ṣeé ṣe kí ọwọ́ ẹlòmíràn ṣófo, bí òun tìkára rẹ̀ bá sáà ní ọ̀kan. Ṣùgbọ́n kí ó má di Whot mọ́wọ́ pẹ́ jù. Àwa ti di méjì mú rí títí ẹlòmíràn fi parí, a sì ka 40 kí a tó ka ìyókù.

Bí ó bá ṣe ènìyàn méjì ni ó ń ta á, ó súnmọ́ ayò ọlọ́pọ́n: ọ̀tá rẹ kò ju ẹnì kan lọ. Ìgbà tí wọ́n bá di mẹ́rin ni ọgbọ́n yí padà. Ẹ jẹ́ kí a wí pé ẹni tí ó tẹ̀lé ọ ní káàdì mẹ́fà, ẹni tí ó sì tẹ̀lé e ti kígbe pé ó ku ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ ọmọdé a ju 8 sílẹ̀ kí aládùúgbò wọn lè pàdánù àyè rẹ̀. Àṣìṣe ńlá ni! Wọ́n ti fi ọwọ́ ara wọn ṣí ilẹ̀kùn fún ẹni tí ó fẹ́ jáde. 2 kò sì sàn jù ú lọ, nítorí ẹni tí ó bá gbé méjì kì í ta mọ́ ní ìyípo náà. Jẹ́ kí aládùúgbò rẹ ta tirẹ̀. Bóyá òun ni yóò dá ẹni náà dúró. Bí o bá ní 14, ta á, kí gbogbo wọn lọ sí ọjà.

Ọmọ Lọ́ńdọ̀nù náà mú irú káàdì mìíràn wá, Magic: The Gathering, èyí tí Richard Garfield, onímọ̀ ìṣirò ará Amẹ́ríkà, ṣe, tí ó jáde ní 1993. Oṣó àti iwin kún ara wọn. Ìyá àgbà ilé wa kò fẹ́ fi ojú kàn wọ́n. Olúkúlùkù ni ó ń rà wọ́n, tí ó ń ṣe pàṣípààrọ̀, tí ó sì ń to tirẹ̀ wá láti ilé. Nínú irú èyí tí wọ́n ń pè ní Commander, ènìyàn mẹ́rin ni ó sábà máa ń jókòó, olúkúlùkù pẹ̀lú káàdì 100 àti ẹ̀mí 40. Ẹni tí ó bá tètè fi agbára hàn, òun ni àwọn mẹ́ta ìyókù ń kọjú sí. Nítorí náà ọlọ́gbọ́n a máa rọra. Wọ́n a sì máa bá ara wọn dá májẹ̀mú pé, “Má fi ọwọ́ kàn mí ní ìyípo yìí, èmi náà kì yóò fi ọwọ́ kàn ọ́.” A bi í bóyá ní ìkọ̀kọ̀ ni. Ó ní rárá, ní etí gbogbo ènìyàn ni, kí ẹni kẹta lè fi èyí tí ó dára jù lọ̀ wọ́n.

Níbẹ̀ ni a ti rí ìdájọ́ wa. A wí fún àwọn ọmọkùnrin náà pé, bí àbúrò wọn bá ku káàdì kan, kí àwọn mẹ́ta dojú kọ ọ́, kò sí ẹ̀sùn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ti pín ìṣẹ́gun kí a tó pín káàdì. Èyí ẹ̀gbọ́n dáhùn pé, “Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ṣé bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ẹ̀yin àgbà máa ń ṣe kí ẹ tó lọ sí ìpàdé?” A wúkọ́, a sì pàṣẹ kí wọ́n yí ìjókòó padà.

Ọmọbìnrin náà padà wá. Àwọn arákùnrin náà tẹ̀lé e lẹ́sẹẹsẹ, èyí àbúrò ṣáájú. Kò pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n fi kígbe pé ó ku ọ̀kan. Róbótó ni ó wà nílẹ̀ nígbà tí ó kan ọmọbìnrin náà. A dúró lẹ́yìn rẹ̀, a sì rí 8 àti 14 lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fa 8 yọ, ó wò ó, ó dá a padà, ó sì fi 14 lélẹ̀ jẹ́jẹ́.