Ìdá Ogójì Tàbí Ìdá Méje?

Ohun tí a bá bi kọ̀ǹpútà ni kọ̀ǹpútà ń dáhùn. Bí ẹni tó bi í kò bá mọ ohun tí òun béèrè, irọ́ ni yóò gbé délé.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1999. Àwọn olùwádìí kan fi fídíò àwọn òṣèré tó ń ṣe bí ẹni tí àyà ń dùn han dókítà 720, wọ́n bi wọ́n bóyá wọn yóò ní kí aláìsàn náà lọ fún àyẹ̀wò ọkàn. Nínú ọgọ́rùn-ún aláwọ̀ funfun, 90.6 ni wọ́n ní kó lọ. Nínú ọgọ́rùn-ún aláwọ̀ dúdú, 84.7. Ṣùgbọ́n odds ratio, 0.6, ni wọ́n gbé jáde nínú New England Journal of Medicine, nítorí òun ni logistic regression máa ń fúnni. Làwọn oníròyìn bá ké gbàjarè pé ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún ni àǹfààní aláwọ̀ dúdú fi dín.

Níbo ni ogójì ti wá? Ohun tí odds ń bèèrè ni pé, fún ẹnì kan tí wọn kò ní kó lọ, ẹni mélòó ni wọ́n ní kó lọ? Láàrin aláwọ̀ funfun, ó lé ní mẹ́sàn-án ààbọ̀. Láàrin aláwọ̀ dúdú, márùn-ún ààbọ̀. Ẹ fi ti àkọ́kọ́ pín ti èkejì, 0.6 náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ fi 90.6 pín 84.7, ẹ ó rí 0.93: ìdá méje péré. Bí ohun tí à ń kà bá ṣọ̀wọ́n, ìṣirò méjèèjì a máa sún mọ́ra. Bó bá wọ́pọ̀ tó báyìí, wọ́n a jìnnà síra gan-an.

Ní oṣù keje ọdún náà, Lisa Schwartz, Steven Woloshin àti H. Gilbert Welch tú ọ̀rọ̀ náà wò nínú ìwé ìròyìn kan náà. Obìnrin aláwọ̀ dúdú nìkan ni tirẹ̀ kéré, 78.8; ọkùnrin aláwọ̀ dúdú bá aláwọ̀ funfun dọ́gba. Èyí ló dùn mí jù. Ìrẹ́jẹ wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ariwo ogójì bo ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ mọ́lẹ̀, ó sì fún ẹni tó ń sọ pé kò sí ìrẹ́jẹ lọ́rọ̀ sọ.

Kò sí àwáwí mọ́. Láti 2004 ni Guangyong Zou ti fi hàn bí a ṣe lè lo Poisson regression, pẹ̀lú robust standard error, láti rí 0.93 irú èyí tààrà, R àti Stata sì ń ṣe é. Àwa náà tí à ń ka iye ìgbà tí ọ̀dọ́ Ìjẹ̀bú lo ẹ̀ka-èdè rẹ̀ àti ìgbà tó lo Yorùbá àjùmọ̀lò, logistic regression kan náà là ń lò. Tèmi ni pé kí àwọn olùkọ́ wa má gba iṣẹ́ àpilẹ̀kọ kankan tó bá gbé odds ratio jáde láìkọ iye nínú ọgọ́rùn-ún sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.